Kókó Ọ̀rọ̀ àti Ọnà Èdè nínú Ewì Yorùbá: Àyẹ̀wò fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Onídàánwò

Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni ìdánwò Yorùbá WAEC dá lé lórí. Nínú lítíréṣọ̀, ewì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí jù. Wọn a to àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àsọdùn àti àwítúnwí jọ, wọn a fa ìlà kọ̀ọ̀kan yọ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀, ó parí. Kókó ọ̀rọ̀ á wà lójú ewé kan, ọnà èdè á wà lójú ewé mìíràn, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìyapa yìí ló ń ba ẹ̀kọ́ ewì jẹ́, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wa kò sì tì í lẹ́yìn.

Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, àkóónú àti ìrísí ìjálá ló jọ gbé yẹ̀wò pọ̀. Ọlátúndé Ọlátúnjí ló wá tú ìṣọwọ́lò-èdè ewì alohùn palẹ̀ jù nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1984. Ó sọ̀rọ̀ lórí àwítúnwí, gbólóhùn adọ́gba àti fífi ọ̀rọ̀ dárà, ṣùgbọ́n ohun tí n kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fojú fò níbẹ̀ ni pé ó ka ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ mọ́ irinṣẹ́ akéwì. Ọ̀pọ̀ ìwé àmúrasílẹ̀ fún ìdánwò kì í dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n hun ìlà méjì fún àpẹẹrẹ:

Ẹni tó gbin àgbàdo ń retí òjò,
Ẹni tó sá ẹ̀lùbọ́ ń bẹ̀rù òjò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé àwítúnwí wà níbẹ̀ nítorí pé “òjò” jáde lẹ́ẹ̀mejì kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Ìlà méjèèjì dọ́gba délẹ̀: ẹnì kan, iṣẹ́ tó ṣe, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, òjò. Òjò kò yí padà; ipò àwọn tó ń wojú ọ̀run ló yàtọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn: ohun tó jẹ́ ire fún ẹnì kan lè jẹ́ òfò fún ẹlòmíràn. Bí a bá wá kà á sókè, a óò gbọ́ ọ pé nínú “retí”, ohùn ti àárín bọ́ sókè, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni méjèèjì wà nínú “bẹ̀rù”. Ojú kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó sí nínú ìlà wọn. Ìrètí gbé ohùn sókè, ẹ̀rù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ló lè ya kókó ọ̀rọ̀ kúrò lára ọnà èdè níbẹ̀ yẹn?

Kì í ṣe gbogbo ewì ló ń dáhùn ìbéèrè “kí ni kókó ọ̀rọ̀?” bákan náà. Karin Barber, tó ṣe ìwádìí lórí oríkì ní Òkukù, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 pé ègé-ègé ni oríkì. Apá kan lè má tan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí a ń kì ló so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí a ń kì àti ìdí tí a fi ń kì í ló yẹ ká kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́. Ní ti ẹsẹ Ifá, Wándé Abímbọ́lá ti pín ìhun rẹ̀ sí apá mẹ́jọ, ibi tí a ti ń gbọ́ bóyá oníbèéèrè rúbọ tàbí kò rú, àti àbáyọrí rẹ̀, ni kókó ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń yọjú. Ewì àpilẹ̀kọ rọrùn díẹ̀, láti orí ti Dénrelé Ọbasá ní Ìbàdàn (1927) títí dé ti Adébáyọ̀ Fálétí, nítorí pé akéwì kan ló jókòó hun ún látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ ewì sójú pátákó láìfi àmì ohùn sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè kí wọ́n tó mú gègé. Bí ọmọ bá sì dárúkọ ọnà èdè kan, ẹ má fún un ní máàkì tán àfi tó bá sọ iṣẹ́ tí ọnà náà ṣe fún kókó ọ̀rọ̀.