Kòkòrò Ló Ń Dán Lára Àga Bàbá Wa

Bí a bá wọ ilé àgbàlagbà kan, tí a jókòó sórí àga ìrókò tàbí ti ọ̀gànwó tó ti lo ogójì ọdún, tó sì ń dán bí ojú omi, igi la máa ń yìn. “Igi gidi nìyí o,” la ó wí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í dá dán. Ẹ lọ ra àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn lẹ́bàá títì, tí wọn kò tíì fi nǹkan kan pa, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ á gbẹ, ọwọ́ ọmọdé kan tó jẹ dòdò ti tó láti bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń pa á ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé àìmọ̀ ọ́n ti ń mú kí á fọwọ́ ara wa ba ogún bàbá wa jẹ́.

Àwọn káfíńtà wa tó ti dàgbà mọ̀ ọ́n sí ṣẹ́láàkì, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní pọ́líìṣì. Kì í ṣe oje igi, kì í sì í ṣe epo. Ara kòkòrò ló ti ń jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ní ilẹ̀ Íńdíà àti Tháílándì, àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tí wọ́n máa ń bo ẹ̀ka igi, wọn a máa fa oje rẹ̀ mu, wọn a sì máa tú ohun kan tó dà bí ìda jáde láti fi bo ara wọn. Wọn kò lóǹkà. Lákh lédè Híńdì, ọ̀kẹ́ márùn-ún ni, ìyẹn 100,000, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn ará oko á ha ìda yìí kúrò lára ẹ̀ka, wọ́n á fọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ á pọ́n bí osùn, òun ni wọ́n sì fi ń pa aṣọ láró kí aró ilé-iṣẹ́ tó gbòde. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sínú àpò aṣọ gígùn, wọ́n á yá a níná, wọ́n á sì lọ́ àpò náà bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Èyí tó bá yọ jáde, òṣìṣẹ́ kan á fi ọwọ́, ẹsẹ̀ àti eyín nà án títí yóò fi fẹ́lẹ́. Bó bá gan, wọ́n á rún un wẹ́wẹ́, ó di ọjà nìyẹn.

Nǹkan bí ọdún 1820 ni ọgbọ́n bí a ṣe ń fi í pa igi gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á da á sínú sípíríìtì títí yóò fi yọ́. Wọ́n á fi aṣọ funfun wé òwú, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á kán epo díẹ̀ sí i kí ó má baà lẹ̀, wọ́n á wá máa yí i róbóróbó lójú igi. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró pẹ́ẹ́, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ igi, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìpele lórí ìpele, ọjọ́ lórí ọjọ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kan àga, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń pa á.

Ní Èkó tiwa, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé ni òkìkí iṣẹ́ igi kàn mọ́ lára jù. Ọ̀kan nínú wọn, Balthazar dos Reis, gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà níbi ìpàtẹ ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1886, nítorí tábìlì kan tó fi oríṣiríṣi igi tò lójú. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òní ni ọwọ́ wa ti mọ iṣẹ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù kò tilẹ̀ sí lára àga. Ṣé ẹ rántí àwo giramofóònù àtijọ́, èyí dúdú tó wúwo, tó bá já bọ́ á fọ́ bí àwo àmọ̀? Ṣẹ́láàkì kan náà ni wọ́n fi ń pò ó. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, lọ kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ìda kòkòrò Íńdíà ló gba ohùn rẹ̀ dúró fún wa. Nígbà tí ogun Hitler le, tí ọ̀nà òkun di eléwu, ìjọba Amẹ́ríkà dín ṣẹ́láàkì tí àwọn oníṣẹ́ àwo lè lò kù gidigidi ní 1942, wọ́n sì ń gba àwo àlòkù lọ́wọ́ aráàlú láti tún un yọ́.

Kí ogun yẹn tó dé ni ohun mìíràn ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Òwú tí wọ́n fi ásíìdì sè, tí wọ́n ń lò fún ìbọn nígbà ogun 1914 sí 1918, ni wọ́n yọ́ di ọ̀dà tó ń yára gbẹ. Ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Du Pont gbé tirẹ̀, Duco, jáde fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ àga fi bẹ̀rẹ̀ sí í fín in. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí, ta ló máa jókòó ti òwú àti aṣọ mọ́?

Ohun tó dùn mí nìyí. Ẹnìkan nínú ẹbí mi gbé àga mẹ́rin tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún ọmọ káfíńtà kan, nítorí pé ojú wọn ti ṣókùnkùn, ife tíì gbígbóná sì ti fa òbìrí funfun sí ọwọ́ wọn. Ọmọ náà fi ẹ̀rọ fá wọn dé egungun, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kùn wọ́n. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí pákó àkànpọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ òbìrí funfun yẹn gan-an ló ń pariwo pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣẹ́láàkì! Omi àti ooru kì í bá a rẹ́. Ọtí ńkọ́? Ìyẹn burú jù. Ògógóró tó bá dà sí i á yọ́ ọ.

Ìyọ́ yìí náà la fi ń dá a mọ̀. Ẹ dojú àga dé, ẹ kán sípíríìtì ẹ̀kán kan sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣẹ́láàkì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a. Aṣọ tí a fún omi ọṣẹ rẹ̀ dànù dáadáa ni kí ẹ fi nu ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi ṣẹ́láàkì tuntun pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tuntun á yọ́ wọnú àtijọ́, wọ́n á di ọ̀kan. Bí sípíríìtì kò bá ran án, ẹ gbìyànjú tíná tí àwọn afínkọ̀ ọkọ̀ ń lò. Bí ìyẹn bá yọ́ ọ, ti òwú ìbọn ni. Bí méjèèjì kò bá ràn án, fáníìṣì olóróró tàbí ti ayé òde òní ni, sáńpépà ló kù tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀ o, níbi tó jìnnà sí ààrò àti sìgá.