Róbọ́ọ̀tì Tí Ọmọdé Lè Tú Palẹ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Seymour Papert, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT l'Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan fún ọmọdé. Logo ni wọ́n sọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi róbọ́ọ̀tì kékeré kan kún un, tó ń yí lórí ilẹ̀, wọ́n sì pè é ní ìjàpá. Kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ o, kò ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan. Ohun tí ọmọ bá ní kó ṣe ló ń ṣe: lọ síwájú, yà sọ́tùn-ún, fa ìlà. Bí ìlà bá wọ́, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ibi tí àṣẹ ti ṣì.

Nígbà tó di 1982, Papert àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Nicholas Negroponte kó kọ̀ǹpútà Apple II lọ fún àwọn ọmọ iléèwé nítòsí Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Owó ìjọba Faransé ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn róbọ́ọ̀tì abánisọ̀rọ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 2005 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Aldebaran sílẹ̀ ní Paris, òun ló sì ṣe róbọ́ọ̀tì NAO. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn, ó ń jó. Àwọn olùwádìí fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń bá ọmọ tó ní ọ́tíìsìmù ṣiṣẹ́, torí pé kì í rẹ̀ ẹ́ láti tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó àwọn àpótí kéékèèké jọ lójú kọ̀ǹpútà, á fi ìlà so wọ́n pọ̀, NAO á sì dìde. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í ju bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni iye rẹ̀, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ní 2025, gbèsè gbé Aldebaran dé ilé ẹjọ́.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Silas Adekunle, ọmọ Nàìjíríà, dá Reach Robotics sílẹ̀ ní Bristol. MekaMon rẹ̀, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, dé ṣọ́ọ̀bù Apple ní 2017. Nígbà tó fi máa di 2019, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé.

Ọ̀nà mìíràn ni AFRON, ẹgbẹ́ àwọn oníróbọ́ọ̀tì Áfíríkà, tọ̀. Ken Goldberg, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, àti Ayorkor Korsah ti Yunifásítì Ashesi ní Gánà ló dá a sílẹ̀ ní 2012. Wọ́n pe ìdíje lọ́dún náà: ta ló lè ṣe róbọ́ọ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju dọ́là 10 lọ? Lára àwọn tó borí ni Lollybot tí Tom Tilley fi páàdì géèmù ṣe. Mọ́tò kékeré tó ń mú páàdì gbọ̀n lọ́wọ́ ló sọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi súìtì onígi ṣe ìwọ̀n fún un. Dọ́là 8.96 péré ló ná an.

Àbújá náà ní róbọ́ọ̀tì abánisọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti 2022: Omeife ti ilé-iṣẹ́ Uniccon, tó ń sọ Yorùbá, Íbò àti Haúsá.

Ní àríwá Èkìtì, Ìkọ̀lé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀. Ọyẹ́ ni olú ibùdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà Ìkọ̀lé ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà, mẹkatirọ́níìsì sì wà lára rẹ̀. Ká ní òǹkọ̀wé yìí ni wọ́n bi, irú Lollybot ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ kí NAO tó dé, bó bá tilẹ̀ máa dé. Ohun yòówù tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, kò ní di pé wọ́n ń kọ̀wé sí òkè òkun.