Láti Ìṣákọ́lẹ̀ Dé Owó Ilé

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí bí onílé Àgọ́-Ìwòyè bá ní ayé òde òní ló bí ayálégbé oníwàhálà.

Kí yàrá tó di ọjà, oko ni wọ́n ń gbà dá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àjèjì kì í dá lọ bá onílẹ̀. Ẹni tí ìlú mọ̀ ló ń mú un lọ, òun náà ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ààlà hàn án lójú ẹlẹ́rìí, wọ́n á sì kìlọ̀: gbin iṣu, gbin ẹ̀gẹ́, má gbin kòkó, má gbin obì, àfi tá a bá yọ̀ǹda. Igi máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, ọmọ ẹni náà sì lè máa sọ̀rọ̀ bí onílẹ̀. Lọ́dọọdún ni agbàlẹ̀dáko ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, iṣu tàbí epo, nígbà tó yá, owó. Kò tó nǹkan, kò sì sọ onílẹ̀ di olówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹni tó jẹ gbèsè lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n á gbọ́. Ẹni tó bá ní baba òun ló ni ilẹ̀ ló ń pàdánù oko.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde ní 1978, àwọn kan rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ já wọn kulẹ̀ ní 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yàkúbù: òfin náà kò sọ agbàlẹ̀dáko di onílẹ̀.

Yunifásítì tí à ń pè ní Ọlábísí Ọnàbánjọ báyìí dé sí Àgọ́-Ìwòyè ní 1982. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá lọ, kálukú bá ń kọ́lé. Ọmọ onílẹ̀ tí baba rẹ̀ kì í yọ̀ǹda ebè kan láìsí onígbọ̀wọ́ wá ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, torí pé ó san owó ọdún kan sílẹ̀. Bí owó ọdún kejì kò bá wá, á gun òrùlé lọ ṣí páànù. Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn. Onílé fúnra rẹ̀ ló máa di olùjẹ́jọ́. Bí àdéhùn kò bá sọ òmíràn, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ nótíìsì ọjọ́ méje, kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́. Kí ẹjọ́ fi parí, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún lè ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.