Wọ́n Yọ Tuntun, Wọ́n Dá Ti Àtijọ́ Padà



Púpọ̀ nínú yín ti rí kọ̀ǹpútà rí, bóyá ní ilé ìwòsàn, bóyá ní báǹkì, bóyá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò fún káàdì. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí ilé-ìwé Faransé ń pè é ní ordinateur. Ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifísọ̀n, ó sì ní pátákó tí a fi ń tẹ lẹ́tà. Ìtàn tòní kì í ṣe ti ojú rẹ̀. Ti ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó ń darí ohun gbogbo. A óò máa pè é ní ètò ìdarí. Ẹ fi í wé baálé nínú agbo ilé. Bí àlejò bá dé, ọ̀dọ̀ baálé ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Bí ọmọ ilé méjì bá ń du àyè kan, baálé ni yóò pín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, ètò ìdarí ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín, tí yóò gbé e lọ síbi tó yẹ. Láìsí i, kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo.

Ètò ìdarí kì í ṣe irin, a kò lè fọwọ́ kàn án. Àṣẹ tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ni. Nítorí náà, a lè pa á rẹ́, kí a sì fi òmíràn sí i. (Ẹ jọ̀wọ́, n kò ní kí ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí baálé yín.)

Ilé-iṣẹ́ tí ètò ìdarí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ilé àti ti ọ́fíìsì jù lọ ni Microsoft, ní Amẹ́ríkà. Bill Gates àti Paul Allen ló dá a sílẹ̀ ní 1975. Windows ni orúkọ ètò ìdarí wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, wọ́n gbé Windows XP jáde. Ó ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ó sì mọ́ àwọn ènìyàn lára. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí òmíràn tó dé. Kí ó tó dé, ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ti to iṣẹ́ wọn lé XP lórí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2007, Microsoft gbé tuntun síta fún gbogbo ènìyàn. Windows Vista ni wọ́n pè é. Ó rẹwà, ó ń dán bíi dígí. Àwọn tó ṣe é sì ní ète gidi kan: wọ́n fẹ́ kí ó ṣòro fún olè láti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó bú Vista nígbà náà kì í sábà sọ ọ́.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀?

Vista ń gba àyè púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ní àyè kan tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí àgbàlá tí ẹ fi ń sá àgbàdo. Bí àgbàlá bá kéré, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ óò máa sá a, iṣẹ́ yóò sì pẹ́. Ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àyè yìí, XP lè ṣiṣẹ́ lórí 64. Vista ní kò gbọdọ̀ dín ní 512. Ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn, síbẹ̀ 512 náà há mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tó ń sáré lánàá wá ń wọ́ bí ìgbín.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè tiwọn. Ètò kékeré kan ló ń dúró láàrin wọn àti ètò ìdarí, bí ògbufọ̀ ṣe ń dúró láàrin adájọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ Faransé. Ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè XP lè má gbọ́ ti Vista. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò sì tíì ṣe ògbufọ̀ tuntun tán. Àwọn mìíràn kò ṣe é rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò bàjẹ́, tí wọ́n fi owó gidi rà, kàn dákẹ́ síbẹ̀.

Vista tún máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe nǹkan kékeré, yóò dá a dúró: ṣé ìwọ lo ní kí n ṣe é? Olè ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́nà bá ń béèrè orúkọ onílé nígbà ogún lójúmọ́, onílé yóò máa dá a lóhùn láì gbọ́ ohun tó bi í.

Èyí tó bí àwọn oníbàárà nínú gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan. Ní 2006, kí Vista tó jáde, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ara àwọn kọ̀ǹpútà lọ́jà pé wọ́n lè gba Vista. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, Vista tó kéré jù lọ, tí kò ní ẹwà tí wọ́n ń polówó, ni wọ́n lè gbà dáadáa. Àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2007. Nígbà tí wọ́n tú ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà síta ní kóòtù, wọ́n rí i pé ọ̀gá kan níbẹ̀ ti kọ̀wé ráhùn. Ó ra kọ̀ǹpútà ní 2,100 dọ́là nítorí ìwé pélébé yẹn, kò sì wúlò fún un ju kí ó fi kọ lẹ́tà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ọjà gan-an ni ọjà já kulẹ̀!

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Dell, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tà, ní kí àwọn oníbàárà sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ dáhùn pé XP ni. Ní oṣù kẹrin, Dell tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn kọ̀ǹpútà ilé kan tó ní XP nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ìwé ìròyìn InfoWorld ní kí àwọn ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí Microsoft má ṣe dáwọ́ títa XP dúró. Àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 200,000. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ lọ́jà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi XP sí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú, tí kò lè gbé Vista.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ti àtijọ́ padà? Kò rọrùn. Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Ẹni tó ra Vista olówó ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní Business tàbí Ultimate, ní ẹ̀tọ́ láti lo XP Professional dípò rẹ̀, láì tún san owó àṣẹ. Ẹni tó ra ti ilé, tó dínwó, kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kéré, tí Vista wúwo jù fún, òun gan-an ni wọn kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún.

Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ yóò kọ́kọ́ kó ìwé àti fọ́tò rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n máa ń pa inú kọ̀ǹpútà rẹ́ pátápátá ni. Bí ó bá gbàgbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ síbẹ̀, ó lọ nìyẹn. Yóò wá àwo tí XP wà lórí rẹ̀, yóò fi sí i. Nígbà mìíràn XP yóò ní òun kò rí ibi tí òun yóò jókòó sí, nítorí ibi ìkóǹkansí inú kọ̀ǹpútà tuntun jẹ́ irú tí kò mọ̀. Yóò ní kí wọ́n fi ògbufọ̀ wá lórí páálí pélébé tí wọ́n ń pè ní floppy. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ihò tí wọ́n ń ti floppy bọ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Windows 7 dé. Ó fúyẹ́ ju Vista lọ, ọ̀pọ̀ sì tipa rẹ̀ fi XP sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò kúrò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe XP dúró. Kí ni ìtumọ̀ èyí? Àwọn olè a máa wá ihò sára ètò ìdarí, ẹni tó ṣe é a sì máa dí i, bí ẹ ṣe ń dí òrùlé tó ń jò. Láti ọjọ́ náà, ihò tó bá ṣí lára XP, ó ṣí nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ètò olè kan tó ń ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́lé, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn dá aláìsàn padà nítorí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tó kó o ń lo Windows 7 tí àwọn tó ni ín kò tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù XP ba Microsoft tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tún dí ihò náà fún un, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti ní òun kò ṣe é mọ́.

Nígbà tí Windows 10 dé ní 2015, wọ́n fi ọ̀nà ìpadà sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbà á á tọ́jú ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí tuntun kò bá tẹ́ lọ́rùn á tẹ bọ́tìnì, ti àtijọ́ á sì padà, láì pa ìwé àti fọ́tò rẹ̀ rẹ́. Oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn láti fi ronú. Ní 2016, wọ́n dín in kù sí ọjọ́ 10. Ọjọ́ 10 náà ni ti Windows 11, tó dé ní 2021. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà á da ti àtijọ́ nù fúnra rẹ̀.