Àrokò Inú Ara: Ẹ̀rí Ìtàn, Ọjọ́ Orí àti Àrùn Iyè Ríra Láàárín Àwọn Àgbà Yorùbá

Ìfáàrà

Ní Ṣakí àti káàkiri Òkè-Ògùn, kí ìwé ẹ̀rí ìbí tó di ohun tó wọ́pọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ orí. Ẹni tí a bí lọ́dún tí Òkèihò àti Ìsẹ́yìn ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba amúnisìn, 1916 ni a bí i. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n nígbà tí lúkúlúkú jà ní 1918, a mọ ibi tí ọjọ́ orí tirẹ̀ náà yóò bọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí àwọn òpìtàn ti ń fi irú ẹ̀rí yìí to ìtàn ìlú. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìmọ̀ ìṣègùn pàápàá gbé ara lé e, nígbà tí ó ń wádìí bí sẹ́ẹ̀lì inú ara ṣe ń ránṣẹ́ sí ara wọn, àti ìdí tí ogbó fi ń mú àrùn iyè ríra bá àwọn kan tí ó sì ń dá àwọn mìíràn sí.

Àrokò láàárín sẹ́ẹ̀lì

Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn ní Amẹ́ríkà pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́ nínú ìgò kì í pín títí láé. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 50, yóò dáwọ́ dúró. Ó wá jọ pé olúkúlùkù sẹ́ẹ̀lì ló ń gbó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford so eku àgbà pọ̀ mọ́ eku ọ̀dọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn nínú àwọn méjèèjì. Agbára àtitún ẹran ara ṣe padà sára eku àgbà. Ní 2008, ìwádìí mìíràn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí ó ti dáwọ́ pípín dúró kì í dákẹ́. Ó ń tú oríṣiríṣi èròjà jáde tí ó lè ba àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́. Èyí ni pé apá kan ogbó wà nínú iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara wọn.

Àrokò ni a lè fi èyí wé. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a rán an sí, nítorí ẹfà ń rántí fífà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà yóò rí owó ẹyọ, kò ní rí ọ̀rọ̀. Bí àrokò ti rí ni iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán rí: ibi tí ó bá dé ló ń fún un ní ìtumọ̀.

Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́ ń pèsè èròjà kan tí à ń pè ní apolipoprotein E, tí ó ń gbé ọ̀rá, pàápàá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìrònú àti ìrántí. Oríṣi jíìnì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí ń darí rẹ̀: e2, e3 àti e4. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Duke kéde pé ewu àrùn Alzheimer pọ̀ fún ẹni tó bá jogún e4.

Ìbàdàn àti Indianapolis

Ní 1992, Benjamin Ọṣuntókun, Adésọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà ọmọ ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Wọ́n bi àgbà léèrè, wọ́n sì bi ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àgbàlagbà tó ń ṣarán kì í sábà jẹ́ aláìsàn lójú àwọn ará ilé; wọn a ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, àrùn Alzheimer ń mú 1.15 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 ní Indianapolis. Ṣáájú èyí, ní 1995, Ọṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde pé e4 kò bá àrùn náà rìn láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìdánwò ẹ̀rí

Ibí yìí ni òpìtàn gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Láti ọmọ ọdún 65 lọ sókè, ewu àrùn Alzheimer a máa di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì sì fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ó bá ṣe pé àwọn àgbà Ìdíkàn fi ọdún márùn-ún péré kún ọjọ́ orí wọn ni, ìyàtọ̀ náà ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni purọ́: níbi tí àgbà ti níyì, tí kò sì sí ìwé, ọjọ́ orí a máa pọ̀ sí i lẹ́nu.

Àwọn olùwádìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Àjàyí àti Igun ṣe ní 1963 ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ orí, Ògúnníyì àti Ọṣuntókun sì tẹ ìwé jáde ní 1993 lórí bí wọ́n ṣe dán àkọsílẹ̀ náà wò. Síbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ ní ìlú kan lè má nítumọ̀ ní ìlú mìíràn. Ọ̀tẹ̀ 1916 yóò yé ọmọ Òkè-Ògùn ju bí yóò ti yé ọmọ Ìjẹ̀bú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ṣakí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to ìtàn Ṣakí.

Ẹ̀rí kan tún wà tí kò dúró lórí fífi ìlú méjì wéra. Ní 2006, ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá nìkan fi hàn pé bí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ ni ewu àrùn náà ń pọ̀ fún àwọn tí kò ní e4. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ní in. Bí àṣìṣe bá wà nínú ọjọ́ orí, ọ̀nà kan náà ni a fi ka ti gbogbo wọn. Ó ṣòro kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nìkan dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Ní 2014, àbájáde tó gbòòrò sí i tún ọ̀rọ̀ 1995 ṣe: Yorùbá tó jogún e4 lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu, ṣùgbọ́n èyí tó jogún ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní rárá.

Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni a rí dì mú. Èkíní, jíìnì kì í ṣe àyànmọ́. Iṣẹ́ tó ń rán ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá àti àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú ara tó gbà á. Èkejì, a kò lè gbé àbájáde tí a rí lára ẹ̀yà kan ka orí gbogbo ayé. Ẹ̀kẹta, tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn jù lọ: iye tí ìmọ̀ ìṣègùn kà ní Ìdíkàn dúró lórí ìrántí àwọn àgbà àti lórí àwọn tó to ìrántí náà. Àwọn àgbà tó mọ ọdún ọ̀tẹ̀ àti ọdún lúkúlúkú ti ń tán lọ. Ìlú tí kò bá kọ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí iyè wọn tó ra yóò pàdánù ìtàn rẹ̀, yóò sì pàdánù òṣùwọ̀n tí ì bá fi mọ ohun tó ń ṣe àwọn àgbà rẹ̀.