Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Ìgbà tí a bá ń wá olùrànlọ́wọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀ síwájú: igi oríṣiríṣi ló ń di igbó. Ìrókò ń bẹ níbẹ̀, àràbà ń bẹ níbẹ̀, kálukú ló sì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé Igbó-Elérin, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Èkó, lóde òní mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwórì ló tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìbà dó. Oko àti ẹja ọ̀sà ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn Ègùn Badagry sì ni aládùúgbò wọn. Títì Badagry tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1970 ló ṣí ilẹ̀ náà sílẹ̀ fáyé. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Ní 1977 ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé wáyé ní Trade Fair. Kò pẹ́ tí àwọn Ìgbò tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fi kó ọjà wọn wá sí Àlàbá, tí àwọn Hausa sì ń ta àgbò àti oúnjẹ ní Àlàbá Ràgó. Nígbà tí Gómìnà Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sílẹ̀ ní 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dé, wọ́n ń wá yàrá. Ẹbí onílẹ̀ ń ta púlọ́ọ̀tì, àlejò ń kọ́lé.

Ní Okokomaiko, ní agbègbè yìí kan náà, ìyá aláta kan lè fi Yorùbá dá oníbàárà lóhùn, kó fi Ìgbò bá ọmọ rẹ̀ wí, kó tún fi pijin bá kọ̀ndọ́ jà nítorí ṣéńjì. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, ibi yòówù kí bàbá wọn ti wá.

Ohun tó ń dùn mí ni ẹ̀ka èdè Àwórì. Kì í ṣe Ìgbò tàbí Hausa nìkan ló ń gbà á lẹ́nu àwọn ọmọ. Àwa Yorùbá yòókù gan-an wà níbẹ̀. Yorùbá ilé ìwé àti ti rédíò la gbé wá, ọmọ Àwórì sì rò pé ti ìyá òun kò dáa tó. LASU wà láàárín àwọn Àwórì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbé fóònù lọ bá àwọn àgbà Ọ̀jọ́ àti Ìbà nísinsìnyí, kí wọ́n gba orúkọ ẹja, orúkọ odò àti oríkì ẹbí sílẹ̀ lẹ́nu wọn.