Àmì Funfun Orí Ìyẹ́ Kò Sí Lára Abo

Bí ọ̀rọ̀ kòkòrò ajẹ-àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm bá délẹ̀, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé àfòpiná tó ń bí i kò ṣòro láti dá mọ̀. Wọ́n á ní kí a ṣáà ti wo ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú rẹ̀: bí àmì funfun bá wà níbẹ̀, òun ni, bí kò bá sí, kì í ṣe òun. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni àṣìṣe, kì í sì í ṣe àṣìṣe kékeré. Abo kò ní àmì yẹn, abo ló sì ń yé ẹyin, ẹyọ kan lè yé tó 1,500 láyé rẹ̀.

Spodoptera frugiperda ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀. Òru ló ń rìn. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, ìbú rẹ̀ kò ju milimítà 32 sí 40 lọ. Ìyẹ́ iwájú akọ ní àwọ̀ eérú pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, àmì funfun onígun mẹ́ta wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, òmíràn tó gùn bí ẹyin sì dá gẹ̀rẹ̀ sí àárín. Ti abo kò lárà bẹ́ẹ̀: eérú ṣíṣú ni látòkè délẹ̀, ìwọ̀nba àmì tó wà níbẹ̀ ṣe bàìbàì. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì fi jọra. Ó funfun, ó ń dán bíi fàdákà, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà létí rẹ̀.

Mo gbà pé pàkúté ló bí àṣìṣe yìí. Òórùn tí abo fi ń pe akọ ni wọ́n ń fi sínú pàkúté tí wọ́n ń gbé sóko, akọ nìkan ló sì ń jẹ́ ìpè náà. Ẹni tó ń yẹ pàkúté wò láràárọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí àgbàdo yóò fi gbó kó má fojú kan abo. Òun náà ni yóò ya fọ́tò, òun ni yóò sì kọ́ ẹlòmíràn.

Kì í tún ṣe gbogbo ohun tó bá kó sí pàkúté náà ni armyworm. Ní Tógò, àwọn olùwádìí bá àfòpiná mìíràn nínú rẹ̀, Leucania loreyi, tí ọmọ tiẹ̀ náà ń jẹ koríko àti àgbàdo. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bákan náà, ṣùgbọ́n ti iwájú ní àwọ̀ koríko gbígbẹ.

Nígbà tí fall armyworm kọ́kọ́ hàn nílẹ̀ Áfíríkà ní 2016, tó ba àgbàdo jẹ́ lóko iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, DNA rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ìdí orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Àgbẹ̀ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewé àgbàdo. Orí ewé ni kí ó ti wá abo. Ẹyin 100 sí 200 ló máa ń wà lójú kan, abo á sì fi irun eérú tó ti ara rẹ̀ bọ́ bò wọ́n. Bí ọmọ bá ti jáde tó sì dàgbà díẹ̀, kí ó wo orí rẹ̀: àmì bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò wà níwájú. Èyí nìkan kò tó, nítorí àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní ohun tó jọ ọ́. Kí ó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìdí, níbi tí àmì dúdú mẹ́rin ti tò bí igun mẹ́rin àpótí. Ẹni tó bá rí àmì méjèèjì lára ọmọ kan náà ti rí armyworm.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àwòrán abo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti akọ nínú ìwé tí ẹ bá ń tẹ̀.